Àrànmọ́: Ohun Tí Ẹnu Ń Ṣe Tí Ojú Kì Í Rí

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ máa ń jókòó ti ètò yìí pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́ ni mo dìídì fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan iṣẹ́ yín gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ni bí ìró méjì tí ó bá fara kan ara wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi ẹnu sọ ti máa ń sọ ara wọn di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpetu, ìlú Ajálayé, wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ẹ̀ka tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ sí, nítorí náà kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan níbẹ̀, mo ń wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó wá ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó kọ “ten boys” sí ojú pátákó, ó ní kí wọ́n là á sí méjì: kí wọ́n pe “ten”, kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó wá pe “boys”. Gbogbo kíláàsì pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn nìkan ni kò là á. Ètè rẹ̀ ti pàdé kí “ten” tó parí, ohun tí ó sì jáde ní ẹnu rẹ̀ ni “tem boys”. Olùkọ́ náà dá a dúró. Ó ní, “Má ṣe ọ̀lẹ. La ẹnu rẹ dáadáa.”

Kò tó ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn èyí ni ọmọ kan tí ó pẹ́ dé yọ sí ẹnu ọ̀nà. Olùkọ́ náà bá fi Yorùbá bi í pé, “Níbo ni o ti ń bọ̀?” Ojú ètè rẹ̀ ni mo ń wò. Ètè méjèèjì pàdé ṣinṣin kí ó tó dé orí “bọ̀”. Ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni “o ti m bọ̀”. Ohun tí ó torí rẹ̀ pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ nínú Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà ṣe nínú Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó fura, àti òun àti àwọn ọmọ.

N kò sọ nǹkan kan níwájú àwọn ọmọ. Nígbà tí a jáde sí abẹ́ igi, mo ní kí ó tún ìbéèrè tí ó bi ọmọ náà sọ, kí ó sì fi ìka kan ètè ara rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bú sí ẹ̀rín. Ó ní, “Háà, ọ̀gá, m ni mo ń pè!”

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa fi ìka kan ètè níbi tí a jókòó sí, kí a sì sọ gbólóhùn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ń bọ̀, ó ń fọ aṣọ, ó ń sùn, ó ń jó, ó ń kọrin, ó ń gbálẹ̀. “Ń” kan náà ni a kọ sínú gbogbo wọn. Ẹ wá wo ohun tí ẹnu ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, ètè méjèèjì pàdé. Nínú ti ìkejì, eyín òkè ni ó fara kan ètè ìsàlẹ̀. Nínú ti ìkẹta, orí ahọ́n lọ bá èrìgì òkè. Nínú ti ìkẹrin, àárín ahọ́n ni ó gbéra lọ sí àjà ẹnu. Nínú “ó ń kọrin”, orí ahọ́n sinmi, ẹ̀yìn ahọ́n ni ó lọ bá àfàsé. Nínú “ó ń gbálẹ̀”, ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ni ó jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́tà kan ni ojú rí. Ìró mẹ́fà ni ẹnu pè. Kì í ṣe àwa ni a ń yan èyí tí a ó pè nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kọ́ńsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé “ń” ni ó ń yàn án fún wa.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣí Bíbélì àtijọ́, irú èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ẹ ó rí “mbọ” àti “mbẹ” tí a fi m kọ, ẹ ó sì rí “nlọ” tí a fi n kọ. Ohun tí etí gbọ́ ni wọ́n kọ. Nínú àkọtọ́ òde òní, a ti fi ẹnu kò pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń ṣe níbi gbogbo, “ń” kan ṣoṣo ni kí a máa kọ. Mo fara mọ́ ìpinnu náà. Ó sọ ìwé kíkà di ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n a san owó orí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ojú ìwé kọ́ Yorùbá yóò búra fún yín pé n ni òun ń pè nínú “ó ń bọ̀”.

Orúkọ tí àwa onímọ̀ èdè ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí ni àrànmọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà lò gbọ́ Yorùbá. Ìgbóná a máa ràn, ikọ́ a máa ràn, ẹ̀rín pàápàá a máa ràn. Ìró náà a máa ràn: ẹni tí ó bá jókòó tì í yóò kó díẹ̀ nínú ìwà rẹ̀. “Assimilation” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ti kó àrùn tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, láti ara “ad”, tí í ṣe “sí”, àti “similis”, tí í ṣe “tí ó jọra”. D inú “ad” pàdé s, òun náà di s. Ẹ wo “impossible”, “illegal” àti “irregular”. “In” kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. P sọ ọ́ di m, l sọ ọ́ di l, r sọ ọ́ di r. Ní ti “incorrect”, a kò yí lẹ́tà padà, ṣùgbọ́n ẹ pè é bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ geere, ẹ ó gbọ́ “ń” inú “ó ń kọrin” níbẹ̀.

Ọmọkùnrin Ìpetu yẹn kò ṣe ju ohun tí Òyìnbó ń ṣe ní ilé rẹ̀ lójoojúmọ́. Níwájú b àti p, n a máa di m: “ten boys”, “ten pounds”, “in bed”. Níwájú k àti g, ẹ̀yìn ahọ́n ni a fi ń pe n: “ten cups”, “ten girls”. Kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ n. D inú “good boy” a máa súnmọ́ b; d inú “good girl” a máa súnmọ́ g. T inú “that pen” a máa súnmọ́ p, ti “that cup” a sì máa súnmọ́ k. S inú “this shop” a máa di ṣ, títí tí a kò fi ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kìíní parí sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu kì í dúró kí ìró kan parí pátápátá kí ó tó múra sílẹ̀ fún èyí tí ó kàn. Bí orí ahọ́n ti ń lọ sí ibi n, ètè ti gbọ́ pé b ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ti ń pa dé.

Ẹnìkan lè sọ pé, ọ̀lẹ náà kúkú nìyẹn. Rárá o. Bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, gbogbo ìró ni ìbá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ní ibi gbogbo, bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìró tí a ń fi orí ahọ́n àti èrìgì pè, èyí ni t, d, n, s àti z, ni ó máa ń gbà kí aládùúgbò yí òun padà jù lọ. M kì í sábà gbà. Bí ẹ bá sọ “same time”, m dúró ní ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sọ ọ́ di “sane time” nítorí t tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó mọ ibi tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àti ibi tí kò ní ṣẹlẹ̀ sí, òfin ni. A kì í pe òfin ní ọ̀lẹ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìró ń gbà ran ara wọn, èyí tí ó jẹ mọ́ tán-án-ná ọ̀fun. Ìró kan wà tí tán-án-ná máa ń gbọ̀n bí a bá ń pè é, bí z, v àti d. Òmíràn wà tí kì í gbọ̀n, bí s, f àti t. Lẹ́tà s ni a fi ń kọ ọ̀pọ̀ nínú “cats” àti “dogs”, ṣùgbọ́n t tí kò kùn jẹ́ kí ti “cats” jẹ́ s, g tí ó kùn sì sọ ti “dogs” di z. “Walked” parí sí t, “begged” parí sí d, bẹ́ẹ̀ “-ed” kan náà ni ó wà nínú ìwé. Bí “have” bá sì ṣíwájú “to”, bí i ti ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, v rẹ̀ a máa di f. Àwọn ọmọ wa kì í rí ti “dogs” ṣe dáadáa, àwa náà kì í sì í rí i ṣe nígbà tí a wà ní ọmọdé. Kì í ṣe pé òfin náà ṣòkùnkùn sí wa. Z ni kò sí nínú èdè wa. Ẹni tí kò ní ọkọ́ kò ní ro oko, bí ó tilẹ̀ mọ oko ríro.

Ó yẹ kí olùkọ́ ya oríṣi méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń wọlé. Àrànmọ́ kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ọ̀ràn-anyàn: ti “cats” àti “dogs” jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ti ìfẹ́-inú àti ìyára ọ̀rọ̀: ẹni tí ó bá rọra pe “ten boys” pẹ̀lú n gangan kò ṣẹ̀, ẹni tí ó pè é pẹ̀lú m kò ṣẹ̀. Nínú Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ti “ó ń bọ̀” kì í ṣe ìfẹ́-inú rárá. Ẹ gbìyànjú láti fi n gangan pè é, ẹ ó rí i pé ẹnu yín yóò kọ̀.

Mo fẹ́ kí a yà sí ọjà díẹ̀, kí a wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àwọn ìyá wa yá lò láti inú Gẹ̀ẹ́sì: ṣúgà, ṣọ́jà àti kọ́bọ́ọ̀dù. S ni lẹ́tà àkọ́kọ́ “sugar”. Ní ìgbà kan rí, s náà ni a ń pè níbẹ̀, tí ìró y kékeré kan sì tẹ̀ lé e. S àti y wọ inú ara wọn, wọ́n di ṣ, láti nǹkan bí ọdún 1600 síwájú. Lẹ́tà kò yí, ìró ti yí. Nínú “soldier”, d àti y ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n di j. Nínú “cupboard”, p pàdé b, b sì gbé e mì pátápátá. Ìyá tí kò wọ ilé-ìwé rí kò rí s, kò rí d, kò rí p. Etí ni ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì mú ohun tí etí gbọ́ délé: ṣúgà, ṣọ́jà, kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni yóò fi ojú kà á, tí yóò sì fi agídí pe p inú “cupboard”. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó pe Gẹ̀ẹ́sì? Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ojú máa ń tì wọ́n díẹ̀.

Bí a bá ní àrànmọ́ nínú èdè wa, kí ni ó wá fà á tí ti Gẹ̀ẹ́sì fi ń ni wá lára? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ti to ìró Yorùbá. Nínú èdè wa, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í jókòó ti ara wọn, ọ̀rọ̀ kì í sì í parí sí orí kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ̀lì ni ó máa ń wà láàárín wọn. Nítorí náà, bí a bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, a ó wá fáwẹ̀lì tì í bọ àárín: “bread” di búrẹ́dì, “flour” di fúláwà, “glass” di gíláàsì, “trailer” di tírélà. Ẹ tilẹ̀ wo fáwẹ̀lì tí a tì bọ̀ ọ́. Kí ló dé tí a fi u sí búrẹ́dì àti fúláwà, tí a wá fi i sí gíláàsì àti tírélà? B àti f jẹ́ ìró tí ètè ń bá wọn ṣe, u náà sì jẹ́ fáwẹ̀lì tí ètè ń ká pè. Wọ́n bá ara wọn mu. Ìdí nìyí tí “film” fi di fíìmù, tí m mú u wá, nígbà tí “bed” jẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀ràn “coat” àti “ball” jọ èyí: o àti ọ inú wọn ti ká ètè sílẹ̀, kóòtù àti bọ́ọ̀lù sì jáde pẹ̀lú u. Èyí ni pé nígbà tí a ń tún ọ̀rọ̀ Òyìnbó ṣe kí ó lè bá ẹnu wa mu, àrànmọ́ náà ni a fi ń tún un ṣe.

Fáwẹ̀lì tí a tì bọ àárín yìí ni ó wá di ògiri. Ọmọ tí ó pe “good boy” ní “gúùdù bọ́ì” ti mọ ògiri sí àárín d àti b. D kò rí b, b kò rí d. Báwo ni ọ̀kan yóò ṣe ran èkejì? Ibì kan ṣoṣo nínú Yorùbá ni kọ́ńsónáǹtì ti ń dojú kọ ohun tí ó jọ kọ́ńsónáǹtì bíi tirẹ̀ láìsí ògiri, ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ̀ “ń” wa yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti “good girl”, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti “ten boys”, nítorí pé ẹsẹ̀ ọmọ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ẹ tó dé.

Kí a tó jókòó ní alẹ́ yìí, olóòtú ètò bi mí pé, “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa fi imú sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó ni?” N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yé ènìyàn, tí a sì mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Etí ni mo ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, wọ́n fi téèpù sí etí wa, wọ́n ní kí a kọ ohun tí a bá gbọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí: “tempence”. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì lọ wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè ní alẹ́. Mo wá a láàárín “temper” àti “temple”, n kò rí i. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé “ten pence” ni. Mo mọ “ten”, mo mọ “pence”, mo ti ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n wọ aṣọ kan náà wá, n kò sì dá wọn mọ̀. Ẹni tí a bá ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí igi inú oko kòkó tí a fi okùn gbìn, ọjọ́ tí ó bá bá onímọ̀ ìṣègùn tàbí ọlọ́pàá òkè òkun pàdé ni yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ òun kò pé.

Ìdánwò wa náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nínú ìlànà-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC fún ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdírì, Bébà Kẹta ni ó wà fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ Gánà, ti Sierra Leone àti ti Gáḿbíà yóò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀, wọn yóò sì dáhùn ohun tí wọ́n gbọ́. Ní ti ọmọ Nàìjíríà àti ti Liberia, 60 ìbéèrè ni yóò bá lórí ìwé, tí yóò máa yan ìdáhùn tí ó tọ̀nà. A ń dán ìmọ̀ ìró wò láìsí ìró kankan nínú yàrá ìdánwò! N kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ìdánwò yóò bi í. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe yóò dáhùn ìbéèrè orí ìwé náà dáadáa ju ẹni tí ó há a sórí lọ. Mo ti rí èyí lójú ara mi.

Mo ní kí a padà sí Ìpetu. Orúkọ ìlú náà gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹ kò lè rí ọmọ bíbí ìlú náà kí ó máa la “Ìpetu” àti “Ìjẹ̀ṣà” sọ́tọ̀ bí a ti ń fi àmì kékeré là á nínú ìwé. “Ìpetuùjẹ̀ṣà” ni yóò jáde, u ti gba ilé i. Nínú gbogbo fáwẹ̀lì wa, i ni ó rọ̀ jù: ilé ìwé di iléèwé, ará ilé di aráalé, ẹ kú iṣẹ́ di ẹ kúuṣẹ́. Bí kì í bá ṣe i ni ó ṣíwájú ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ó sábà máa ń borí, bí ará Èkó ti ń di aréèkó. Ohùn wa pàápàá ń ran ara wọn: bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ohùn òkè, láti òkè ni yóò ti máa yọ́ bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló nítorí àwọn bàbá yín tí wọ́n ta aṣọ ní àwìn, gbólóhùn odidi ni ó wà nínú orúkọ yẹn, gbólóhùn ẹni tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè pé òun kò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Òyìnbó náà ti fún gbólóhùn pọ̀ bẹ́ẹ̀: “goodbye” tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́, àdúrà ni, pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ.

Ohun kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí lọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a ń sọ pé èlùbọ́, a ń sọ pé orúkọ. Ní ẹnu àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà, àti ti Èkìtì, ẹ̀lùbọ́ ni, ọrúkọ ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ni ó ti fi báírò pupa fa igi sí i nínú ìwé ọmọ, tí wọ́n sì kọ “àìbìkítà” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àìbìkítà. Ọ tí ó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ni ó nawọ́ kọjá u tí ó wà ní àárín, tí ó sì fa fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ra: e di ẹ, o di ọ. Àǹkóò fáwẹ̀lì ni a ń pe irú èyí. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, u di ọ̀nà, àǹkóò kò lè kọjá. Nínú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, ó ń kọjá. Ó tọ́ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní àkọtọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò. Kò tọ́ kí ó sọ fún un pé ẹnu ìyá rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá rò pé irú nǹkan báyìí jẹ́ ti ará oko nìkan, kí ó sọ ìdí tí “foot” fi di “feet” fún mi, tí “tooth” fi di “teeth”, “goose” di “geese”, “man” di “men”. Ní ayé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ìró i kan wà ní ìparí ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan ju ẹyọ kan lọ. I yìí nawọ́ kọjá kọ́ńsónáǹtì, ó fa fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ wá sí iwájú ẹnu, bí ọ ti ṣe fa ti ẹ̀lùbọ́ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni i kú, tí a kò pè é mọ́. Ẹni tí ó kó àrùn ran ará ilé ti kó jáde, àrùn rẹ̀ ṣì wà nínú ilé títí di òní. Àwa wá ń fi ẹgba kọ́ ọmọ pé kí ó há “feet” sórí nítorí pé kò ní ìdí!

Ní ti ohun tí olùkọ́ lè ṣe ní kíláàsì, kò gba owó. Dígí kékeré kan tó, bí kò bá sì sí dígí, ìka ọwọ́ tó. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ Yorùbá tiwọn, kí wọ́n fi ìka kan ètè, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ọ̀fun kí wọ́n lè mọ ìró tí ń kùn, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì dé. Mo tilẹ̀ gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi orúkọ ńlá-ńlá bí àrànmọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Kí n tó kúrò ní ilé-ìwé yẹn, mo pe ọmọkùnrin ìlà ẹ̀yìn náà, mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ láti máa pe “ten boys” bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò dárúkọ rédíò tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti òkè òkun dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi, sà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jáde.” Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ náà fi ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní orí ìlà àkọ́kọ́, ó kọ “ó ń bọ̀”. Ní abẹ́ rẹ̀, ó kọ “ten boys”. Ó wá fa ìlà kan láti ara “ń” sí ara n.